Bí ẹ ṣe lè so thin client mọ́ sáfà kan láìjẹ́ kí iṣẹ́ ọ́fíìsì dúró

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti gbé thin client, àpótí kékeré tó ń lo agbára kọ̀ǹpútà ńlá kan, sórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sì ti kó o padà sínú páálí kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: ó ń falẹ̀. Èèyàn á tẹ lẹ́tà, á dúró kó tó rí i lójú ẹ̀rọ. Ẹni mẹ́ta á ṣí browser, ẹni kẹrin ò ní rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n á wá gbà pé àpótí kékeré orí tábìlì ló burú.

Àpótí yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gba àwòrán ojú iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sáfà (server), kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, kó sì dá ohun tí ọwọ́ yín tẹ̀ padà fún un. Orí sáfà ni lẹ́tà, ìṣirò àti browser ti ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra àpótí 20 kó tó mọ ohun tí sáfà rẹ̀ lè gbé, ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi to àwọn ìpele ìsàlẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n: ìwọ̀n iṣẹ́ ṣáájú, wáyà tẹ̀ lé e, sáfà tẹ̀ lé wáyà, lẹ́yìn náà thin client kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìpele kankan, ẹ má sì kúrò lórí èyíkéyìí títí àyẹ̀wò ìparí rẹ̀ á fi yege.

Ọ́fíìsì tí èèyàn bíi 5 sí 30 ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan ni mo ní lọ́kàn. Debian 12 (irú Linux kan) àti xrdp (ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn wọ Linux láti orí ẹ̀rọ mìíràn) ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí a kì í sanwó ìwé àṣẹ lórí wọn. Bó bá jẹ́ Windows Server lẹ fẹ́, ìlànà kan náà ni, mo sì máa sọ ibi tí ọ̀nà ti yà.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀

- Sáfà kan tó ní core (ọpọlọ inú processor) 8 ó kéré tán, àti SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) méjì tí ìwọ̀n wọn bára mu. Iye RAM rẹ̀, ìpele 1 ló máa sọ ọ́.
- Switch gigabit (àpótí tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé) tí ojú ihò rẹ̀ tó gbogbo tábìlì, kó sì ṣẹ́kù.
- Wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat5e tàbí Cat6. Kí ẹyọ kan má ṣe gùn ju mítà 100 lọ.
- UPS tó lè gbé sáfà àti switch pa pọ̀.
- Thin client kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní RAM 2 GB náà lè ṣe é.
- Kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí díìsìkì tó wà lóde sáfà, fún ẹ̀dà ìpamọ́.
- Ìwé kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo àdírẹ́sì, orúkọ àti àyípadà sí. Ìwé gidi, torí pé ọjọ́ tí sáfà bá kú, ohun tí ẹ kọ sínú sáfà ò ní wúlò fún yín.

Ìpele 1: Ẹ wọn iṣẹ́ kí ẹ tó náwó

Ẹ jókòó ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń le jù, kí ẹ wo iye RAM tí ohun tó ṣí ń jẹ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lò lọ́wọ́. Task Manager ló ń fi í hàn lórí Windows. Lórí Linux, àṣẹ `free -h` tó. Ẹ fi ojú ara yín wò ó, ẹ má kàn bi wọ́n. Akọ̀wé á ní lẹ́tà nìkan lòun ń tẹ̀, ojú ewé 25 á sì wà ní ṣíṣí nínú browser rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹni tó ń lo browser, ìwé ìṣirò àti í-meèlì, GB 2 ni mo máa ń kà fún un. Ìṣirò mi lọ báyìí: GB 4 fún sáfà fúnra rẹ̀, GB 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a wá fi ìdá mẹ́rin àpapọ̀ rẹ̀ kún un. Fún èèyàn 20, ó di 4 + 40, ìyẹn 44. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 11. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 55. Ẹ ra 64. Ní ti core, mo máa ń pín ọ̀kan fún ẹni mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán.

Bí ẹ ṣe ń wọn iṣẹ́, ẹ máa ya àwọn kan sọ́tọ̀. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń ya àwòrán ilé onípele 3D, ẹ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ìpè olójú-kojú gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀ náà kì í gbádùn thin client: sáfà á tú fídíò náà, á tún un dì kó tó fi ránṣẹ́ sí ojú ẹ̀rọ, ìyẹn iṣẹ́ méjì fún ìpè kan. Kò sí ìtìjú nínú kí 17 nínú 20 wọlé kí mẹ́ta dúró síta. Ibi tí wọ́n ti ń fi ipá kó gbogbo èèyàn wọlé ni mo ti rí ìjà jù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM tó ń lò, printer rẹ̀ àti ohun tó máa ń kì bọ USB. Bí àyè ẹnì kan bá ṣófo, ìpele yìí kò tíì parí.

Ìpele 2: Ẹ tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe

Ẹ yan àdírẹ́sì tí kò ní yí padà fún sáfà. Nínú àpẹẹrẹ mi, 192.168.50.10 ni. Ẹ jẹ́ kí DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ, máa pín 192.168.50.100 sí 200 fún àwọn thin client, kí ti sáfà má baà bọ́ sáàárín wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta níbí. Àkọ́kọ́ ni Wi-Fi. Ó lè dára ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ dá nìkan wà, kó wá máa já ní agogo 10 òwúrọ̀ tí gbogbo fóònù ti wọlé. Wáyà ni kí ẹ lò. Èkejì ni router tí ẹnì kan gbé ti ilé wá tó sì kì bọ ihò ara ògiri: òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì, ìdajì thin client á sì gba àdírẹ́sì tí kò lè dé ọ̀dọ̀ sáfà. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àwọn switch kéékèèké tí wọ́n so tẹ̀ léra lábẹ́ tábìlì. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣubú nìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi `iperf3`, ètò tó ń wọn bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe yá tó, sórí kọ̀ǹpútà méjì. Sáfà kò tíì ní Debian lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró nípò rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì 192.168.50.10. Lórí èyí, ẹ pa àṣẹ yìí:

`iperf3 -s`

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà kejì káàkiri, ní ihò ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pa èyí:

`iperf3 -c 192.168.50.10`

Ihò gigabit tó dára á fún yín ní nǹkan bíi 940 Mb/s. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 94, ó ti já sí 100 nìyẹn, wáyà sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí: gigabit ń lo oríṣi okùn méjì-méjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú wáyà, 100 sì ń lo méjì péré, nítorí náà okùn kan tó gé nínú lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. 94 tó láti fi gbé ojú iṣẹ́ thin client, ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe ná, torí wáyà tó ti bàjẹ́ díẹ̀ lè bàjẹ́ sí i. Ẹ tún pa `ping -c 200 192.168.50.10`. Kí ohun tó sọnù jẹ́ 0%, kí àkókò rẹ̀ má sì ju 1 ms lọ.

Ìpele 3: Ẹ gbé sáfà dìde

Bí ẹ bá ń fi Debian sórí rẹ̀, ẹ so SSD méjèèjì pọ̀ ní RAID 1, kí ohun tó wọ ọ̀kan máa wọ èkejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi díìsìkì onírin tó ń yí ṣe èyí. Mo ti rí sáfà tí processor rẹ̀ lágbára gidigidi, tí RAM rẹ̀ sì ṣẹ́kù, síbẹ̀ láàárọ̀ tí ẹni 9 bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí browser tó ṣí. Díìsìkì rẹ̀ ló ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín ẹni 9. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD, ọ̀rọ̀ náà tán lọ́jọ́ kan.

Níbi tí ó ti ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi sí i, SSH server (tó ń jẹ́ kí ẹ pàṣẹ fún sáfà láti ọ̀nà jíjìn) àti standard system utilities nìkan ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà:

`sudo apt update`

`sudo apt install xfce4 xfce4-terminal dbus-x11 xrdp xorgxrdp`

`sudo apt install firefox-esr libreoffice cups ufw`

`sudo adduser xrdp ssl-cert`

`sudo systemctl enable xrdp`

`sudo systemctl restart xrdp`

Àṣẹ `adduser` yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò. Òun ló ń fún xrdp láyè láti ka kọ́kọ́rọ́ tí sáfà fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí.

XFCE ni mo mú fún ojú iṣẹ́ nítorí ó fúyẹ́. Kí gbogbo àkáùǹtì tuntun lè máa bá a bọ̀:

`echo xfce4-session | sudo tee /etc/skel/.xsession`

Ó ku ògiri ààbò. Ìlà SSH gbọ́dọ̀ ṣáájú `enable`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ pé láti ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ara yín lẹ máa tì síta:

`sudo ufw allow from 192.168.50.0/24 to any port 22 proto tcp`

`sudo ufw allow from 192.168.50.0/24 to any port 3389 proto tcp`

`sudo ufw enable`

Ẹ má ṣe ṣí 3389, ihò tí àwọn èèyàn ń gbà wọ xrdp, sí íntánẹ́ẹ̀tì láé, kódà fún ọjọ́ kan, kódà nítorí ọ̀gá tó rìnrìn àjò. Àwọn tó ń wá ihò yẹn kiri kì í sùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ láti òde, ẹ gbé WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kalẹ̀ fún un, kó gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Windows Server, ẹ gbọ́: bó ṣe wà, ẹni méjì péré ló lè wọ inú rẹ̀ láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, fún iṣẹ́ alábòójútó. Kí èèyàn púpọ̀ tó lè wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ fi Remote Desktop Services sí i, kí ẹ sì ra ìwé àṣẹ CAL fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 120 ló ń fún yín láìbéèrè ìwé náà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú àwọn èèyàn: oṣù mẹ́rin á kọjá, gbogbo nǹkan á máa lọ geere, wọ́n á ti gbàgbé, àárọ̀ ọjọ́ kan á wá mọ́ tí kò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ 120 yẹn sínú ìwé yín lónìí.

*Àyẹ̀wò:* `systemctl status xrdp` gbọ́dọ̀ sọ pé active (running), `ss -tln` sì gbọ́dọ̀ fi 3389 hàn. Ẹ pa sáfà, ẹ tún un tàn, kí ẹ yẹ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kejì láìfọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìpele 4: Àkáùǹtì, àti ààlà fún olúkúlùkù

Ẹ ṣí àkáùǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `sudo adduser`. Àkáùǹtì kan fún ẹni méjì kò dára rárá: bí èkejì bá wọlé, inú ojú iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló máa bọ́ sí, á sì já a kúrò níbẹ̀.

Ààlà ni ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun ló sì ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ojú ewé kan tó ya wèrè nínú browser ẹnì kan lè gbé gbogbo RAM sáfà mì, kí èèyàn 19 yòókù máa wo ojú ẹ̀rọ tí kò mì. Ẹ ṣẹ̀dá fódà `/etc/systemd/system/user-.slice.d`, kí ẹ wá fi fáìlì `50-aala.conf` sínú rẹ̀. Dáàṣì tó wà lẹ́yìn `user` yẹn kì í ṣe àṣìṣe o. Ohun tí ẹ máa kọ sínú fáìlì náà nìyí:

`[Slice]`
`MemoryHigh=3G`
`MemoryMax=4G`
`CPUQuota=200%`

Ẹ pa `sudo systemctl daemon-reload`. Pẹ̀lú èyí, bí ẹnì kan bá kọjá 3G, iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni á máa falẹ̀. Bó bá dé 4G, ohun tó ń jẹ RAM jù nínú èyí tó ṣí ló máa pa dé. Àwọn yòókù ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ lè sọ pé 4G lọ́nà 20 ju 64 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Nǹkan kejì ni àwọn tó ń lọ sílé láì jáde. Ojú iṣẹ́ wọn á ṣì máa jẹ RAM títí di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Nínú `/etc/xrdp/sesman.ini`, ẹ sọ `KillDisconnected` di `true`, kí ẹ fi `DisconnectedTimeLimit` sí 43200, ìyẹn wákàtí 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má gbé e sí 60. Ẹni tí wáyà rẹ̀ kàn já fún ìṣẹ́jú méjì á pàdánù gbogbo ohun tí kò tíì fi pamọ́, kò sì ní fọkàn tán sáfà yín mọ́.

Ẹ tún bọ́ ẹ̀ṣọ́ kúrò lára ojú iṣẹ́: kí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo dípò fọ́tò, kí screensaver tó ń jó di ojú dúdú lásán, kí ẹ sì pa òjìji àwọn fèrèsé. Olúkúlùkù á pa èyí nínú ojú iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:

`xfconf-query -c xfwm4 -p /general/use_compositing -s false`

Gbogbo ohun tó bá ń yí lójú ẹ̀rọ ni sáfà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ohun tí kò bá yí, kò ná a ní nǹkan kan.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọlé, kí ẹ fi `id` wo nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1001, ẹ pa `systemctl show user-1001.slice -p MemoryMax`. Ẹ gbọ́dọ̀ rí 4294967296. Lẹ́yìn náà, kí ẹni yẹn gbìyànjú láti ṣí fódà ẹlòmíràn nínú `/home`. Bó bá ṣí, ẹ fi `chmod 700` ti gbogbo fódà náà.

Ìpele 5: Thin client àkọ́kọ́

Bó bá jẹ́ thin client tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí lẹ rà, ẹ lọ sínú ètò rẹ̀, ẹ mú RDP (èdè tí thin client fi ń bá xrdp sọ̀rọ̀), ẹ kọ 192.168.50.10 sí i, ó parí. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ fi Debian kékeré sí i, kí ẹ sì fi `xorg`, `openbox` àti `freerdp2-x11` kún un. Àṣẹ tó ń mú un dé ọ̀dọ̀ sáfà nìyí:

`xfreerdp /v:192.168.50.10 /f /network:lan /sec:tls /cert:tofu`

Ctrl+Alt+Enter ló ń mú yín jáde kúrò nínú ojú ńlá. Ẹ lè ti gbọ́ nípa PXE, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò ní díìsìkì rárá gba ara nẹ́tíwọ̀kì tàn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀. Secure Boot (ààbò tó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ fi ń tàn wò) lè kọ̀ ọ́, switch tó ń lo spanning tree (ètò tó ń dènà kí wáyà yí po) sì lè fi ihò sínú ìdúró fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ̀rọ náà sọ pé òun ò rí DHCP kó sì jáwọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí tó rọrùn kọ́kọ́ dúró.

Wàhálà mẹ́ta ló máa ń pàdé èèyàn níbí. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú lẹ́yìn tí ẹ wọlé, ẹ wò ó bóyá ẹni yẹn kan náà ti wọlé níwájú sáfà gan-an. Ẹ jẹ́ kó jáde níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ ka `/var/log/xrdp-sesman.log` àti `.xsession-errors` tó wà nínú fódà rẹ̀. Bí sáfà bá ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó dá yín lójú pé ó tọ̀nà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí àyè orúkọ kí ẹ lè rí i: bí @ bá ń yọ bí ", ètò kíbọọ̀dù UK àti US ló pàdé. Ètò ara thin client ni kí ẹ tún ṣe. Bí ojú iṣẹ́ tuntun bá sì ń ṣí nígbàkúùgbà tí ẹ bá padà wọlé, dípò èyí tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ yẹ ìjìnlẹ̀ àwọ̀ wò. Xrdp ń fi orúkọ àti ìjìnlẹ̀ àwọ̀ dá ojú iṣẹ́ mọ̀, nítorí náà kí gbogbo ẹ̀rọ lo ọ̀kan náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí ìwé kan, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta bí ọwọ́ yín bá ṣe lè yá tó. Kí lẹ́tà máa yọ bí ìka ṣe ń kúrò. Wàyí, ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ láàárín ọ̀rọ̀ kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kì bọ ihò rẹ̀, ẹ tún wọlé. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, títí dé lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ fi èyí han àwọn òṣìṣẹ́. Ó ń mú wọn gba ètò náà ju àlàyé lọ.

Ìpele 6: Printer àti USB

Ẹ so printer mọ́ nẹ́tíwọ̀kì, kí ẹ sì fi í sínú CUPS (ètò ìtẹ̀wé Linux) lórí sáfà. Printer tí wọ́n so mọ́ USB thin client, bó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó síbẹ̀ nìkan ló máa ṣiṣẹ́ fún, á sì pòórá lọ́jọ́ tó bá yí tábìlì padà. Ẹ fi yàrá tó wà pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà lásán á tẹ ìwé owó oṣù sí yàrá àlejò.

Ní ti flash tí wọ́n ń kì bọ USB, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ dí i, kí ẹ wá ṣí i fún àwọn tí iṣẹ́ wọn gbà á. Tí ẹ bá ṣí i, inú fódà kan tó ń jẹ́ `thinclient_drives` ló ti máa yọ sí olóhun. Ẹ rántí orúkọ yẹn, mo máa padà sí i.

Ohùn kì í jáde nínú xrdp bí ẹ ṣe fi í sí i. Ó nílò ohun èlò mìíràn lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ó má baà di ẹ̀sùn.

*Àyẹ̀wò:* ẹni mẹ́ta láti tábìlì mẹ́ta, ìwé mẹ́ta, láti inú printer tó tọ́.

Ìpele 7: Ẹ̀dà ìpamọ́ àti iná, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣẹ́ gidi sí i

Nígbà tí kọ̀ǹpútà 20 wà, tí ọ̀kan bá kú, ẹnì kan ló ń sunkún. Báyìí, gbogbo ẹyin ti wà nínú agbọ̀n kan. Mi ò ní fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan tẹ ìlà iṣẹ́ kan sórí sáfà yìí títí ìpele yìí á fi parí.

RAID 1 kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ó ń dáàbò bò yín bí díìsìkì kan bá kú, ìyẹn nìkan. Fáìlì tí ẹnì kan bá fi àṣìṣe pa rẹ́, orí díìsìkì méjèèjì ló ti máa pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo borg tàbí rsnapshot láti máa gbé `/home` àti `/etc` lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lálaalẹ́, kí ẹ sì tún ní ẹ̀dà kan tí kò sí nínú ilé náà rárá. Ẹ yọ `thinclient_drives` kúrò nínú ohun tó ń gbé. Root (àkáùǹtì ọ̀gá sáfà) fúnra rẹ̀ kì í lè ka fódà yẹn bí olóhun bá wà lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ìpamọ́ yín á sì máa parí pẹ̀lú àṣìṣe lálaalẹ́ títí ẹ ó fi ṣíwọ́ àtimáa ka ìròyìn rẹ̀. Ọjọ́ tí àṣìṣe gidi bá wá, ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

UPS gbọ́dọ̀ gbé switch pẹ̀lú sáfà. Ẹ fi nut sórí sáfà, kí UPS lè sọ fún un pé bátìrì ń tán, kó sì pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí iná bá lọ lórí tábìlì nìkan, iṣẹ́ ò sọnù, orí sáfà ló wà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ pa fáìlì kan rẹ́, ẹ dá a padà láti inú ẹ̀dà, ẹ ṣí i, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí ẹnì kankan, ẹ fa UPS kúrò lára iná ògiri kí ẹ jókòó tì í. Sáfà gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó kú. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà sínú ìwé.

Ìpele 8: Ẹni mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo jù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, àti ẹni tí kì í pẹ́ ráhùn. Ẹni kẹta yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ohun tí àwọn yòókù máa fara dà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi sú wọn, òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ máa pa `vmstat 5` lórí sáfà. Ojú òpó `si` àti `so` gbọ́dọ̀ máa wà ní 0. Bí nọ́ńbà bá ń jó níbẹ̀, RAM kò tó. Bí `wa` bá ga tí `us` sì kéré, díìsìkì ló ń fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn. Ẹ wo RAM tí àwọn mẹ́ta yìí ń lò ní ti gidi, kí ẹ fi wé ìwé ìpele 1, kí ẹ tún ìṣirò ṣe. Ó sàn kí ẹ fi RAM kún un báyìí ju kí ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ èèyàn 20.

*Àyẹ̀wò:* lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ bẹ gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n wọlé láti kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ ní agogo kan náà, kí wọ́n ṣí browser àti ìwé kan. Windows ní Remote Desktop Connection nínú tẹ́lẹ̀, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Bí sáfà bá fara da ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ó lè fara da òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìpele 9: Ẹ kó àwọn yòókù wọlé

Ìsinsìnyí ni kí ẹ tó ra thin client tó kù, pẹ̀lú ọ̀kan lé fún gbogbo mẹ́wàá. Ẹni márùn-ún lọ́jọ́ kan tó. Ẹ kó fáìlì wọn lọ sórí sáfà lálẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹnì kan á rántí fáìlì kan tó wà lórí desktop lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Tí ẹ bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ mú èyí tó lágbára jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ẹ fi ohun tó wà lórí sáfà sí i gẹ́lẹ́, kí ẹ̀dà `/home` sì máa dé ibẹ̀ lálaalẹ́. Kò ní lè gbé gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹni márùn-ún tí ọ́fíìsì kò lè ṣe láìsí wọn.

*Àyẹ̀wò:* ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, ẹ pa sáfà ńlá. Ẹ fún kọ̀ǹpútà àdìmú náà ní 192.168.50.10, kí àwọn márùn-ún yẹn sì wọlé láti thin client wọn láì yí ohunkóhun padà. Bí ẹ̀rọ wọn bá kọ̀ ọ́ nítorí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti sáfà ńlá, ẹ da kọ́kọ́rọ́ xrdp kọ láti orí sáfà lọ sórí rẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà láti ìgbà tí ẹ pa á títí ẹni karùn-ún fi ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni méjì tó mọ bí a ṣe ń ṣe é.